Àgbàdo funfun tí ẹ fi ń ṣe ògì: ẹ mọ òbí ẹ̀ kí ẹ tó náwó lé e

Ẹ̀kọ́ tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ń se ẹ̀kọ, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ògì tà, ẹ̀yin alágbàtà àgbàdo, àti ẹ̀yin tí ẹ yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti fi dáko àgbàdo.

Obìnrin ẹlẹ́kọ kan ládùúgbò wa n'Ibàdàn ra àpò àgbàdo funfun márùn-ún lọ́wọ́ alágbàtà tí wọ́n ti jọ ń ṣe é bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àpò àkọ́kọ́ dára. Nígbà tó da èkejì sínú omi, ó rí hóró tó pọ́n rúsúrúsú káàkiri inú ẹ̀. Ó ti rẹ ẹ́ ná, kò lè dá a padà mọ́, ló bá lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ. Ògì náà ò funfun bó ṣe yẹ, ẹ̀kọ tó fi ṣe sì dà bí èyí tí wọ́n fi àgbàdo pupa lú. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé kí ló dé tí ẹ̀kọ ẹ̀ yí àwọ̀ padà, àwọn kan ò tiẹ̀ béèrè, wọ́n kàn ya sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Obìnrin yìí bá alágbàtà fa wàhálà. Alágbàtà búra pé òun ò po nǹkan kan pọ̀. Àgbẹ̀ tó kó ọjà wá náà búra.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ. Kò sẹ́ni tó po àgbàdo pupa mọ́ funfun. Inú oko, lórí ìdúró, ni àgbàdo náà ti pọ́n.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Igi àgbàdo kan ṣoṣo ló ní akọ àti abo lára. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tó ń yọ sórí ẹ̀ ni akọ, irun tó ń yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo ni abo. Fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan so mọ́ hóró kan nínú. Bí lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ lára ìrùkẹ̀rẹ̀ bá bà lé irun kan, hóró ìdí ẹ̀ á yọ. Bí kò bá bà lé e, ojú ibẹ̀ á ṣófo, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí àgbàdo tí hóró ẹ̀ dá bí eyín arúgbó. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú yìí kiri, ìrùkẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo sì máa ń tú èyí tó lé ní mílíọ̀nù kan jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ń bọ́ sí tòsí, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń rìn jìnnà, díẹ̀ yẹn ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀ àgbàdo, pupa lágbára ju funfun lọ. Inú ohun tó kún inú hóró, èyí tí à ń lọ̀ di ògì, ni àwọ̀ náà wà. Apá méjì nínú mẹ́ta ohun tó jogún wá láti ọ̀dọ̀ ìyá, apá kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Tí ìyá bá jẹ́ funfun, tí lẹ́búlẹ́bú àgbàdo pupa bá wá bà lé irun ẹ̀, apá kan yẹn ti tó láti jẹ́ kí hóró náà pọ́n díẹ̀. Kò sì ní dúró di ọdún tó ń bọ̀ kó tó hàn. Lára ọmọ tí ẹ fẹ́ kórè yẹn gan-an ni ẹ ó ti rí i. Ní ti ẹni tó gbin pupa, bí lẹ́búlẹ́bú funfun bá wọ oko tiẹ̀, apá méjì ti ìyá ṣì wà níbẹ̀, àgbàdo ẹ̀ á pọ́n bó ṣe máa ń pọ́n, bóyá kó kàn ṣì díẹ̀. Nítorí náà, àárín àgbẹ̀ méjì tí oko wọn kángun síra, ẹni tó gbin funfun nìkan ló máa ń fara gbá a. Àwọn olóko adìyẹ tó ń wá pupa kiri ti jẹ́ kí oko pupa pọ̀ sí i káàkiri, ẹ ò sì lè bá ẹnikẹ́ni jà pé ó gbin ohun tó fẹ́ sórí ilẹ̀ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n oko aládùúgbò kọ́ ni àwọ̀ àti èrè àgbàdo funfun ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ òbí ẹ̀ ni, ìyẹn àwọn àgbàdo tí wọ́n fi bí irúgbìn tí àgbẹ̀ rà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ò gbọ́ nípa wọn rí, nítorí wọn kì í dé ọjà.

Àgbàdo háíbíríìdì tí ẹ ń rí nínú ọ̀rá, irú bí Oba Super 1 àti Oba 98 tí wọ́n jẹ́ funfun, tàbí Oba Super 2 tó jẹ́ pupa, kì í ṣe ohun tí ẹnì kan kàn ṣà nínú oko. Ọmọ ni. Ó ní ìyá, ó ní bàbá, ìran tí kálukú wọn ti wá sì yàtọ̀. Ọdún 1908 ni George Shull, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní Cold Spring Harbor ní New York, gbé ohun tó rí jáde: pé bí èèyàn bá ń fi lẹ́búlẹ́bú igi àgbàdo sórí irun igi yẹn kan náà, láti ìran dé ìran, àgbàdo náà á máa kúrú, á máa rù, ọmọ ẹ̀ á máa kéré, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú irú méjì bẹ́ẹ̀ láti ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n so wọ́n pọ̀, ọmọ tí wọ́n bí máa ń ju òbí ẹ̀ méjèèjì lọ fíìfíì. Orí ohun tí ọkùnrin yìí rí ni iṣẹ́ irúgbìn háíbíríìdì gbogbo àgbáyé dúró lé di òní.

Nílẹ̀ tiwa, iléeṣẹ́ ìwádìí IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ibàdàn ní 1967, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgbàdo háíbíríìdì ní 1979 pẹ̀lú ìrànwọ́ owó ìjọba àpapọ̀. Ọwọ́ òfìfo kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ní àgbàdo tó lè dúró níwájú àrùn kan tó ń fa ilà tín-ín-rín aláwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ sára ewé, tí kòkòrò kékeré kan tó ń fò láti ewé dé ewé máa ń kó kiri. Ẹni tó bá dáko àgbàdo nígbà náà mọ àrùn yìí. Ọdún tó bá jà, igi á dúró, kò ní gbọ́mọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀ gba ẹ̀bùn King Baudouin ní 1986. Ọ̀kan nínú àwọn àgbàdo náà ń jẹ́ TZSR-W, ìkejì ẹ̀ ń jẹ́ TZSR-Y. W yẹn dúró fún funfun, Y dúró fún pupa. Ẹ fi sọ́kàn, nítorí àwọn lẹ́tà méjì yìí ṣì wà nínú orúkọ ọ̀pọ̀ irúgbìn lónìí. Bí ẹ bá rí TZE-W lára irúgbìn, ẹ ti mọ̀ pé funfun ni kí ẹ tó tú u wò.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe àgbàdo òbí, nítorí ibẹ̀ ni owó àti ọdún ń lọ.

Wọ́n á kọ́kọ́ gbin àgbàdo funfun tí wọ́n fẹ́ yọ òbí lára ẹ̀. Kí irun tó yọ lẹ́nu ọmọ, wọ́n á ti fi àpò kékeré dé ọmọ náà lórí kí lẹ́búlẹ́bú àjèjì má baà bà á. Nígbà tí irun bá ti yọ nínú àpò, wọ́n á fi àpò pépà bo ìrùkẹ̀rẹ̀ igi yẹn kan náà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á sì dì í pa nídìí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, tí ìrì ti gbẹ, wọ́n á tẹ orí igi náà wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gbọn ìrùkẹ̀rẹ̀ náà jìgìjìgì nínú àpò. Lẹ́búlẹ́bú á ṣà sí ìdí àpò bí ìyẹ̀fun. Òun ni wọ́n á dà sórí irun ọmọ igi kan náà, kíákíá, kí atẹ́gùn má gbé e lọ, wọ́n á sì fi àpò yẹn bo ọmọ náà títí di ìgbà ìkórè. Iṣẹ́ igi kan ṣoṣo nìyẹn. Nínú sáà kan, wọ́n lè ṣe é fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún igi, àsìkò tí irun ń yọ kì í sì í dúró de ẹni tó ń ṣàìsàn tàbí ẹni tó lọ síbi òkú.

Ohun tí wọ́n ń wá ni kí igi náà dá lórí ìwà kan ṣoṣo. Igi àgbàdo lásán ní oríṣiríṣi ohun tó jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá àti bàbá tí kò bára mu. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, àìbáramu yẹn á lọ sí ìlàjì. Bí ẹ bá pè é ní 100 níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ó ku 50, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì 25, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta 12.5, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹfà ó ku nǹkan bí 1.6. Níhà ọ̀dọ̀ tiwa níbí, èèyàn lè gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nítorí náà ó kéré tán, ọdún mẹ́ta gbáko ló lọ síbẹ̀ yẹn. Wọn ò tíì ta hóró kan.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ ni àléébù tó ti sá pamọ́ ń jáde. Òmíì á hù ní funfun báláú bí àfín, kò ní àwọ̀ ewé rárá, kò ní pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó máa fi kú. Òmíì ò ní gbọ́mọ. Òmíì á yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n irun ẹ̀ ò ní yọ lásìkò kan náà. Gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n ń jù nù. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa ń kù tó lè di òbí. Ọ̀nà tuntun kan ti wà báyìí tó ń jẹ́ kí igi àgbàdo dá lórí ìwà kan láàárín ìran méjì péré dípò mẹ́fà. Wọ́n ṣí ibùdó kan fún un ní Kiboko ní Kẹ́ńyà ní 2013. Ó ń dín ọdún kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mú ìdánwò inú oko kúrò.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tó dùn mọ́ mi gan-an, òun sì ni bí wọ́n ṣe ń sọ àgbàdo pupa di funfun. Ká ní wọ́n rí àgbàdo pupa kan tí igi ẹ̀ le dáadáa, tí àrùn kì í mú. Funfun ni wọ́n fẹ́. Wọ́n á fi í fẹ́ àgbàdo funfun. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí á pọ́n, bí ẹni pé funfun ti sọnù pátápátá. Kò sọnù, ó sá pamọ́ ni. Nígbà tí wọ́n bá gbin àwọn ọmọ yẹn, tí wọ́n fi àpò bò wọ́n, tí wọ́n sì fi lẹ́búlẹ́bú igi kọ̀ọ̀kan sórí irun ara ẹ̀, hóró pupa àti funfun á jọ yọ lórí ọmọ àgbàdo kan ṣoṣo, pupa mẹ́ta sí funfun kan. Bí ọmọ àgbàdo kan bá ní 400 hóró, nǹkan bí 100 nínú ẹ̀ á jẹ́ funfun. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà á jókòó, á máa ṣa funfun yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé funfun tó bá ti ṣà, kò tún ní bí pupa mọ́, àfi tí lẹ́búlẹ́bú pupa bá tún wọlé. Àgbàdo pupa ò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè gbé funfun sínú kí ojú má rí i. Nítorí náà, àìlágbára funfun tó ń da ẹlẹ́kọ láàmú, òun kan náà ló ń ran ẹni tó ń ṣe òbí lọ́wọ́: hóró kan ṣoṣo tó bá pọ́n nínú oko òbí funfun ti tú àṣírí pé àjèjì wọlé. Lójú kan náà ni wọ́n á yọ ọ́.

Àwọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò o. Àgbàdo tí èèyàn máa jẹ yàtọ̀ sí èyí tí adìyẹ máa jẹ. Wọ́n á wo ṣùkù ẹ̀ tí hóró so mọ́. Ṣùkù àwọn kan pupa, ìyẹ́ pẹlẹbẹ tó ń bọ́ lára ẹ̀ sì máa ń tẹ̀ lé hóró wọ inú ẹ̀rọ, á wá dà bí ìdọ̀tí nínú ìyẹ̀fun. Nítorí ẹ̀, ṣùkù funfun ni wọ́n ń fẹ́ fún àgbàdo jíjẹ. Wọ́n á wo bóyá hóró náà le tó. Èyí tó rọ̀ jù, kòkòrò á tètè lu ú nínú àpò. Èyí tó le jù, ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ ọkà mọ wàhálà ẹ̀, ó máa ń pẹ́ nínú omi kó tó ṣe é lọ̀. Wọ́n á wo háhá tó bo ọmọ bóyá ó bò ó dé ẹnu, torí ọmọ tí ẹnu ẹ̀ bá là sílẹ̀, òjò á wọ ibẹ̀, á bu. Wọ́n á tún wo èyí tí àwọn èèyàn kì í rò: ṣé òbí yìí fúnra ẹ̀ lè so hóró tó pọ̀ tó? Òbí tó bá ń bí ọmọ tó dára, ṣùgbọ́n tí kò so ju ìkúnwọ́ lọ, kò sẹ́ni tó máa fi í dá iléeṣẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá kù. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ Yorùbá, ẹbí kì í fẹ́ ẹbí. Àwọn onímọ̀ irúgbìn náà ò ní gbà fún àgbàdo. Wọ́n á pín àwọn òbí sí agboolé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tó wá láti agboolé kan á fẹ́ èyí tó wá láti agboolé kejì. Bí àwọn méjì tó sún mọ́ra bá fẹ́ra, ọmọ wọn ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí wọn. Ojú lásán ò sì lè sọ èyí tó máa bá èkejì mu. Òbí tó rí bí ẹni tí ìyà ń jẹ lè bí ọmọ tó ga ju ènìyàn lọ. Àfi kí wọ́n dán an wò, pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọkọ oríṣiríṣi, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi, ní ọdún tí òjò pọ̀ àti ọdún tí òjò ò pọ̀. Ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń fọwọ́ sí irúgbìn tuntun, tí ọ́fíìsì NACGRAB tó wà ní Moor Plantation n'Ibàdàn ń ṣe akọ̀wé fún, ló máa gbé àbájáde yẹn yẹ̀ wò kí irúgbìn náà tó lè jáde.

Nígbà tó bá wá jáde, ta ló máa bí i? Ibí yìí ni owó wà fún àwọn kan nínú yín. Iléeṣẹ́ irúgbìn á gbin ìyá àti bàbá sínú oko kan náà, bíi ìlà ìyá mẹ́rin sí ìlà bàbá kan. Gbogbo ìrùkẹ̀rẹ̀ tó bá yọ lórí ìlà ìyá ni wọ́n gbọ́dọ̀ fà tu kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú lẹ́búlẹ́bú, kí ti bàbá nìkan lè wà nínú afẹ́fẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa wọ oko yẹn lójoojúmọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, títí kan ọjọ́ ìsinmi. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá gbójú fò ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ọmọ tó bá so lórí ìlà ìyá ni irúgbìn tí ẹ ń rà. Ti ìlà bàbá, wọ́n á kó o sọ́tọ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀rá. Ìyá yìí náà sì ti rù láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ara ẹ̀ fún ara ẹ̀ lóyún, kì í so púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí irúgbìn háíbíríìdì fi wọ́n. Láti dín owó kù, àwọn iléeṣẹ́ kan máa ń kọ́kọ́ so òbí méjì pọ̀, kí ọmọ wọn tó lágbára yẹn wá di ìyá, kí wọ́n tó wá bàbá kẹta fún un. Hóró tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ń so pọ̀, owó irúgbìn ẹ̀ sì máa ń rọjú díẹ̀, ṣùgbọ́n oko ẹ̀ kì í dọ́gba tó ti òbí méjì.

Àwọn iléeṣẹ́ irúgbìn máa ń gba àgbẹ̀ àdáni láti bá wọn bí irúgbìn yìí ní àdéhùn. Iye tí wọ́n ń san lórí kílò kan máa ń ju ti àgbàdo jíjẹ lọ. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín kì í ṣe ilẹ̀ tó lọ́ràá, bí kò ṣe ilẹ̀ tó dá wà. Ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí oko àgbàdo mìíràn ní 200 mítà ó kéré tán. Ti oko tí wọ́n ti ń bí òbí fúnra wọn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń tó 400. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ tí igbó tàbí oko pákí yí ká, kó má kà á sí ilẹ̀ tí kò wúlò. Ẹ ka àdéhùn dáadáa kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, pàápàá ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ta ló ni àdánù bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá yẹ oko wò bá ní kò yege. Ẹ má sì gbèrò àti fi òbí pamọ́ fún ara yín. Láti 2021 ni òfin ti wà nílẹ̀ wa tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá irúgbìn tuntun.

Èyí gbé mi dé ibi tí èmi alára ti jìyà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbin háíbíríìdì funfun sí ẹ́kà méjì lọ́nà Ìṣẹ́yìn. Ó ṣe dáadáa dé ibi pé àwọn èèyàn ń dúró wò ó. Mo wá rò ó pé kí ni mo fẹ́ tún ra irúgbìn fún? Mo ṣa ọmọ tó tóbi jù, mo so ó rọ̀ sókè ààrò, mo gbìn ín ní ọdún kejì. Nígbà tó ga tán, oko náà dà bí ilé ìwé tí wọ́n kó ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà àti ọlọ́dún mẹ́rìndínlógún sí kíláàsì kan náà. Àwọn kan ga, àwọn kan kúrú, òmíì gbọ́mọ tó dára, òmíì gbé èyí tó tó àtàǹpàkò. Owó tí mo rí níbẹ̀ ò san owó àwọn tó bá mi ro oko.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé àgbàdo náà ṣì funfun. Kò sí pupa kan nínú ẹ̀. Òbí méjèèjì funfun, ọmọ funfun, ọmọ-ọmọ funfun. Àwọ̀ ò sọnù, agbára ló sọnù. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní òbí kọ̀ọ̀kan lè so àpò 8 ti kílò 100 lórí ẹ́kà kan, tí ọmọ tí wọ́n bí so 24. Àpò 16 ni ìgbéyàwó yẹn fi kún un. Bí ẹ bá gbin ọmọ yẹn padà, ìlàjì ohun tí ìgbéyàwó fi kún un máa lọ, ìyẹn àpò 8. Ẹ ó rí 16 dípò 24. Nǹkan bíi kílò 8 sí 10 irúgbìn ló ń lọ sórí ẹ́kà kan. Kí oníkálukú fi owó kílò 10 irúgbìn wé owó àpò àgbàdo 8, kó wá sọ èyí tó wọ́n. Bí ẹ ò bá lè ra irúgbìn lọ́dọọdún lóòótọ́, ẹ má gbin háíbíríìdì. Ẹ ra irúgbìn funfun tí kì í ṣe háíbíríìdì, èyí tí àgbẹ̀ lè fi pamọ́ fún ọdún díẹ̀ láìpàdánù púpọ̀. Àwọn kan nínú èyí tí wọ́n ń pè ní SAMMAZ, tó ń ti Samaru ní Zaria wá, jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, torí háíbíríìdì náà wà láàárín wọn.

Ẹni tó bá máa ra háíbíríìdì, kó rà á nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, tó ní àmì NASC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó irúgbìn. Kó wo ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Irúgbìn tí wọ́n ń fi kóńgò wọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò sẹ́ni tó mọ ìyá ẹ̀, bó ti wù kó funfun tó.

Ní ti aládùúgbò tó gbin pupa, ẹ lọ bá a kí òjò tó rọ̀. Bí ẹ bá jọ fẹnu kò, tí ẹnì kan gbìn ṣáájú ẹnì kejì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ìrùkẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ á ti gbẹ kí irun tiyín tó yọ. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ìlà bíi mẹ́wàá tó kángun sí oko ẹ̀ ni kí ẹ kórè lọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa bọ́ sí. Ẹ tà á fún àwọn olóko adìyẹ, ẹ má dà á mọ́ ti inú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà ńkọ́? Òdiwọ̀n kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú lò. Ní Amẹ́ríkà, òfin òdiwọ̀n ọkà wọn sọ pé àgbàdo tí wọ́n bá pè ní funfun ò gbọ́dọ̀ ní ju ìdá 2 nínú 100 àgbàdo aláwọ̀ mìíràn lọ. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ lè fi kíkà ṣe tiyín lọ́jà láìgbé ẹ̀rọ kankan dání. Ẹ ki ọwọ́ bọ àpò lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ẹ da hóró náà sórí àtẹ, ẹ ka 500. Bí èyí tó pọ́n nínú ẹ̀ bá ju 10 lọ, ẹ̀kọ yín máa sọ ọ́ fún oníbàárà. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹlẹ́kọ àdúgbò wa ti ń ṣe é báyìí, ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń bá a kà á. Àpò tó bá kọjá òdiwọ̀n, kò ní sanwó funfun fún un, alágbàtà ẹ̀ náà sì ti ń ka tiẹ̀ lóko kó tó gbé e sọ́kọ̀.